Èrè Tí Ó Tún Ìlú Ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín wa ni ó gbà pé ọ̀fẹ́ ni oore gbọ́dọ̀ jẹ́, àti pé ẹni tí ó bá gba owó lórí iṣẹ́ tí ó ṣe ìlú láǹfààní ti ba adùn iṣẹ́ náà jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí àwọn baba wa bá rò bẹ́ẹ̀ ni, alájọ kì bá tí sí ní ọjà wa, ẹni tí ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́, tí ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ìyá aláta àti ìyá ẹlẹ́lùbọ́, tí ń sàmì sí káàdì wọn, tí ó sì ń kó o lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí oṣù bá parí, lẹ́yìn tí ó bá ti yọ owó ọjọ́ kan ṣoṣo fún wàhálà ara rẹ̀. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ a máa jẹ nídìí pẹpẹ. Kò sì sí ẹni tí ó pe alájọ ní olè.

Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, mọ ìyà tí ike omi àti ọ̀rá ń fi jẹni, nítorí bí òjò bá dé tí ojú gọ́tà sì ti dí, yàrá tálákà ni omi ń kọ́kọ́ wọ̀. Ní ọdún 2012, Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá, obìnrin tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni wọ́n kó wọ àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ dé. Nígbà náà, wọ́n ń gba ike, agolo àti ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń fún onílé ní máàkì gẹ́gẹ́ bí kílò tí ó kó sílẹ̀ bá ti tó, tí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù yóò sì jíṣẹ́ rẹ̀ fún un. Máàkì yìí ni ìyàwó ilé ń fi gba oúnjẹ, ohun èlò ilé tàbí káàdì ìpè. Ilé-iṣẹ́ náà sì ń ta ohun tí ó kó jọ fún àwọn tí ń yọ́ ọ ṣe nǹkan mìíràn. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Nígbà tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀gá àgbà àjọ tí ń tọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, iṣẹ́ kò kú. Ẹ wá fi wé ẹ̀rọ omi tí àwọn olóṣèlú fi ń ta ìlú lọ́rẹ, tí kì í pẹ́ bàjẹ́, tí kì í sì í sí owó tí a ó fi tún un ṣe!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ ẹ̀wù òwò tí ń ṣe ìlú láǹfààní ni ó yẹ. Àwọn kan ń fi ike kún ìlú láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ, wọ́n á wá gbá òpópónà kan lọ́jọ́ kan, wọ́n á sì ya fọ́tò. A kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Ìgbà ìṣòro ni mo fi ń dán irú òwò bẹ́ẹ̀ wò. Bí owó epo rọ̀bì, tí a fi ń ṣe ike, bá já wálẹ̀ lágbàáyé, ike tuntun a máa dínwó pẹ̀lú, àwọn tí ń ra ògbólógbòó ike a sì fẹ́ já iye rẹ̀ wálẹ̀. Ta ni yóò ru àdánù náà? Bí ó bá jẹ́ pé ìyá tí ó ṣa ike ni a kọ́kọ́ gé owó rẹ̀, nígbà tí owó oṣù ọ̀gá kò yẹ̀, ìrẹ́jẹ ni, bí ó ti wù kí a máa pè é. Ní Bangladesh, báńkì Grameen tí Muhammad Yunus dá sílẹ̀ ní 1983 ti fi ọ̀nà tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn: àwọn tí ń yáwó níbẹ̀, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣa ike ní ìpín pẹ̀lú nínú òwò tí ẹ̀yìn wọn gbé dúró.

Mo bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa pé kí wọ́n fún irú òwò báyìí ní ààyè ní ọjà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí kì í parọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ya ike yín sọ́tọ̀ kúrò lára pàǹtí, kí ẹ sì bèèrè iye tí kílò kan jẹ́ kí ẹ tó gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.