Ẹ má béèrè pé èló ni camper, ẹ béèrè pé kílò mélòó

1. Ẹ̀yin ará orí ìkànnì yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó. Mo fẹ́ bá àwọn kan jà lónìí, ṣùgbọ́n ìjà tó ní ìṣirò nínú ni. Ọ̀rọ̀ camper ni: mọ́tò akẹ́rù kékeré téèyàn kan yàrá sí lẹ́yìn, tó lè sùn sínú rẹ̀, kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.

2. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní ká kọ́ ọ fúnra wa, ìdáhùn méjì ni mo máa ń rí. Àwọn kan á ní, "Nǹkan òyìnbó nìyẹn, olówó ló ń ṣe é." Àwọn yòókù á ní, "Tó o bá máa kọ́ ọ, kọ́ èyí tó nípọn, kó má lọ dà bí ahéré." Irọ́ ni méjèèjì. Ìkejì ló tiẹ̀ léwu jù.

3. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òyìnbó kúrò nílẹ̀. Ta ló kan bọ́dì bọ́lẹ̀kájà? Ṣásí àti ẹ́ńjìnnì Bedford ló ń ti òkè òkun dé. Káfíńtà wa níbí ló ń fi pátákó kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń kan bẹ́ńṣì sí i, kí ayàwòrán tó wá kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí i níwájú. Mólùè Èkó ńkọ́? Orí ṣásí Mercedes 911 ni àwọn wẹ́dà wa ti ń jó o pọ̀. Ta ló wá fẹ́ sọ fún wa pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan sẹ́yìn mọ́tò?

4. Ti pé kéèyàn sùn sójú ọ̀nà nítorí iṣẹ́ ńkọ́? Ìjẹ̀ṣà lẹ fẹ́ kọ́ nìyẹn? Àwọn òṣómàáló ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Inú ìlóṣòó yẹn gan-an ni wọ́n ti fa orúkọ wọn yọ. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó ń dúró dè wọ́n. Ibi tí ọjà bá gbé wọn dé ni wọ́n ń sùn.

5. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Awakọ̀ tírélà tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ẹ ní ìyà ló ń jẹ ẹ́. Òyìnbó tẹ́ fóòmù sẹ́yìn mọ́tò, ó so iná wínníwínní mọ́ ọn, ẹ ní "ayé rèé o!" Ojú wa ló ń ṣe wá.

6. Ẹ sì rántí Pelumi Nubi, ọmọbìnrin tó dá wa mọ́tò láti London dé Èkó, tó wọlé ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kì í ṣe jíìpù ńlá ló wà. Peugeot 107 ni, mọ́tò kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò pé lítà kan. Kì í ṣe títóbi mọ́tò ló ń gbéni dé ibi tá à ń lọ.

7. Ó yá, ọ̀rọ̀ "kọ́ èyí tó nípọn." Ibí ni ìjà gan-an wà. Ẹ mú bébà àti bírò.

8. Mọ́tò akẹ́rù kékeré ti Japan, irú Suzuki Carry, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 660cc. Ẹrù tí òfin ilẹ̀ Japan gbà fún irú mọ́tò yẹn kò ju kílò 350 lọ. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lédè wa: àpò kòkó kan jẹ́ kílò 64. Nítorí náà, nǹkan bí àpò kòkó márùn-ún àti ààbọ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀. Àpò kẹfà ti di ìwà ìkà.

9. Ẹ jẹ́ ká kọ́ camper "tó nípọn" sórí ẹ̀. Ògiri àti òrùlé á gba nǹkan bíi ṣíìtì mẹ́rin (ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4). Ẹ ní irin ló máa wà níta. Ṣíìtì irin mìlímítà 2 kan tó kílò 46. Mẹ́rin, ó ti lé ní 180. Ẹ ní plywood tó nípọn, ti mìlímítà 18, ló máa wà nínú. Ìkọ̀ọ̀kan tó kílò 30. Mẹ́rin, 120. Ó ti di 300 báyìí.

10. Ẹ wá gbé bátìrì ńlá alómi sí i, ti ínfátà ilé, tó máa ń tó kílò 60. A ti kọjá 350. Kò tíì sí fóòmù tẹ́ ẹ máa sùn lé. Kò tíì sí omi. Kò tíì sí ìkòkò. Ẹ̀yin fúnra yín ò tíì wọlé. Ẹnì kan á tún ní ká lẹ táìsì sílẹ̀ rẹ̀. Táìsì! Nínú mọ́tò!

11. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ẹ fẹ́ kọ́ ìtẹ́ ẹfọ̀n fún eku.

12. Kí ni ẹrù àpọ̀jù ń ṣe? Bíréèkì ò ní tètè mú. Sípíríǹgì á tẹ̀. Táyà á gbóná, á bẹ́. Bí ẹrù bá sì wúwo lókè, mọ́tò á fẹ́ ṣubú níbi kọ́nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè àti ẹsẹ̀ òkè ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ sọ fún mi: ṣé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ mọ̀ pé bíréèkì yín ò mú mọ́?

13. Ẹ wá sí Ìtagúnmódì níbí ńkọ́? Ilẹ̀ wa yìí lórúkọ láàárín àwọn onímọ̀ ilẹ̀. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi pe irú ilẹ̀ kan, "Itagunmodi series," nínú ìwé Smyth àti Montgomery tó jáde ní 1962. Ilẹ̀ amọ̀ pupa ni. Kòkó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ táyà kórìíra rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, mọ́tò tó wúwo á rì síbẹ̀ dé ìdí. Èyí tó fúyẹ́, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin á tì í jáde, ẹ fún wọn lówó mínírà, ó tán.

14. Owó náà tún rèé. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000. Gbogbo kílò tẹ́ ẹ bá fi ṣe àṣehàn sẹ́yìn mọ́tò, epo ló máa gbé e. Ẹ san án lẹ́ẹ̀kan fún wẹ́dà, ẹ óò tún máa san án lójoojúmọ́ nílé epo.

15. Kí wá ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ lo fóòmù funfun líle, irú èyí tó ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun, àmọ́ kẹ́ ẹ ra ṣíìtì rẹ̀ tó nípọn ní íǹṣì 2. Ṣíìtì ńlá kan rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kílò mẹ́ta lọ. Ẹ fi igi arère ṣe férémù. Gbogbo onípátákó ló mọ̀ pé arère fúyẹ́. Ẹ má fi apá ṣe é o, apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì ẹ̀.

16. Ẹ wá fi aṣọ kánfáàsì bo fóòmù yẹn níta, kẹ́ ẹ fi góòmù funfun tí káfíńtà ń lò rin ín títí á fi mu ún dáadáa. Tó bá gbẹ, ẹ kun ún ní ọ̀dà tí òjò ò lè wọ̀, ìpele mẹ́ta. Á le gbagidi. Àwọn tó ń kọ́ tiwọn fúnra wọn ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà náà funfun. Fóòmù yẹn ò jẹ́ kí ooru wọlé, irin ní tiẹ̀ á yan yín bí àgbàdo lóṣù kẹta.

17. Ẹ fetí sí èyí: ẹ ò gbọdọ̀ fi góòmù olóòórùn líle tí àwọn ṣúmékà ń lò kan fóòmù yìí. Á yọ́ ọ bí ìgbà tí omi gbígbóná bá kan ṣúgà. Epo bẹntiróòlù náà á yọ́ ọ. Ẹ dán an wò lára èérún kékeré, ẹ máa rí i.

18. Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò ṣe. Fóòmù, 11. Kánfáàsì, góòmù àti ọ̀dà, 25. Férémù arère, 30. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 100Ah, nǹkan bí 12. Páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré, 7. Fóòmù ìbùsùn, 10. Kẹ́ẹ̀gì omi kan, 25. Gbogbo ẹ̀, kílò 120. Kò pé àpò kòkó méjì. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n owó irin àti plywood tẹ́ ẹ ò rà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

19. Èyí tó tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù: ẹ má jó o mọ́ mọ́tò. Bóòtù ni kẹ́ ẹ fi dè é mọ́lẹ̀. Bó ṣe fúyẹ́ yẹn, èèyàn mẹ́rin á gbé e sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́tò yín á kó iṣu, á kó kòkó, á pa owó wọlé. Tí iṣẹ́ ìrìn bá dé, ẹ gbé yàrá yín padà sórí ẹ̀. Camper tó wúwo, ẹnu rẹ̀ ló ń jẹ. Camper tó fúyẹ́, mọ́tò rẹ̀ ń bọ́ ọ.

20. Mi ò ní parọ́ fún yín, fóòmù yìí ní àléébù kan: iná. Ó máa ń tètè gbiná, èéfín rẹ̀ sì burú. Gbogbo ayé ló ń fi àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe yẹ̀yẹ́ pé a máa ń múná láti ilé lọ sóko kí ìṣáná má bàa tán. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má múná wọ inú camper. Ìta ni kẹ́ ẹ ti máa dáná. Ẹ tọ́jú apanáná kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà. Kẹ́ ẹ sì ṣe ọ̀nà méjì tẹ́ ẹ lè gbà jáde.

21. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé e sínú ẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ ò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Àwọn tó ti pa mọ́jú oorun nílẹ̀ yìí pọ̀. Eléédú náà bákan náà. Ẹ ṣe ihò afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ àti sókè, kẹ́ ẹ má dí i nítorí òtútù. Kẹ́ ẹ tó gbé e sójú títì, ẹ lọ bi àwọn VIO àti FRSC léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́.

22. Wọ́n á tún ní, "Ọmọbìnrin wo ló ń sùn nínú mọ́tò?" Ọmọbìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ààbò mi ò sí nínú nínípọn ògiri. Ó wà nínú pé kí n dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n lọ kí Lọ́jà tàbí baálẹ̀, kí n sọ orúkọ mi àti ohun tí mo wá ṣe, kí wọ́n sì fi ibi tí màá páàkì sí hàn mí, láàárín ilé. Kò sí irin tó tó ojú ìyá àgbà tó mọ̀ pé mo wà níta ilé òun.

23. Kí ló dé tí mo fi ń pariwo tó báyìí lórí ọ̀rọ̀ pátákó àti fóòmù? Torí pé ibi tí hòtẹ́ẹ̀lì bá wà ni ìròyìn ń sùn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ góòlù. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi odò Ọ̀ṣun, torí ìbẹ̀rù pé ìwakùsà ti bà á jẹ́. Òṣogbo ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wà nígbà yẹn, níbi igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Mélòó ló sùn sí abúlé tí wọ́n ti ń wa góòlù?

24. Mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń wá síbí. Wọ́n á dé láago mọ́kànlá, wọ́n á ya ihò pupa, wọ́n á ya ọ̀dọ́kùnrin tó ń fọ yẹ̀pẹ̀, aago méjì wọ́n ti ń sá padà sí Iléṣà kílẹ̀ má bàa ṣú. Wọn ò rí ìyá tó jí láago márùn-ún lọ pọnmi. Wọn ò sí níbẹ̀ ní alẹ́ nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń sọ ilẹ̀ kòkó tó ti di kòtò. Fídíò wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìlú tó ti wà tipẹ́ kí góòlù tó di ariwo.

25. Tí àwa ọmọ ibí bá ń dúró de mílíọ̀nù lọ́nà ogún ká tó ra camper, àwọn aláago-mọ́kànlá yẹn ni yóò máa sọ ìtàn wa lọ. Yàrá tó wọ̀n kílò 120 lè gbé wa sùn sí Ìfẹ̀wàrà, sí Ọ̀ṣú, sí Ìpẹ̀rindó, sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an. Ohun tí "èyí tó nípọn" ń gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Kì í ṣe owó nìkan.

26. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó kan ìṣó kan, ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ rà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó ládùúgbò yín. Wọ́n ní ìwọ̀n. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ gbé e lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ wá gbé àpapọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ibí, kí n rí i. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré ju 120 lọ, mo ṣe tán láti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá ti lẹ táìsì, kó rọra lọ ṣí i.