Máàkì Nìkan Kọ́ Ni Èrè Onífèrè

Láti ọdún 1972 ni Drum Corps International ti ń dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń fun fèrè, tí ń lùlù, tí wọ́n sì ń yan bí ológun ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò nínú oòrùn, nítorí eré ìṣẹ́jú bíi 12.

Bí máàkì bá jẹ́ èrè kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ló jèrè, àwọn yòókù ṣòfò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè pín yáàdì 5 sí ìṣísẹ̀ 8 láìwolẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, tó wá ń ṣe é pẹ̀lú fèrè lẹ́nu ní oṣù Kẹjọ, ti jèrè. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa rán wọn létí èyí. Adájọ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni délé. Ìfaradà àti ọ̀rẹ́ ni yóò bá wọn lọ.