Ààlà Ilẹ̀ àti Iṣẹ́ Amòfin

Àwọn baba wa a máa wí pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ààlà bá wà láàárín baba àti ọmọ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà, kí ni kí a ti wí nípa ẹni tí ń ta ilẹ̀ àti ẹni tí ń rà á, tí èkíní kò mọ ilé èkejì rí? Síbẹ̀, ohun tí a ń rí káàkiri Nàìjíríà ni pé olùkọ́ tí ó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yóò gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, yóò kó o lé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́, yóò gba ìwé pélébé kan, yóò sì rò pé òun ti di onílẹ̀. Kí ilé rẹ̀ tó ga dé ojú fèrèsé, ẹlòmíràn yóò ti dé pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ kí a tún ṣe ọ̀rẹ́.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, nítorí pé orí ilẹ̀ ni ìjà òmìnira wa ti ta gbòǹgbò. Ní 1913, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Amodu Tijani, ẹni tí í ṣe Olóyè Olúwa ti Èkó, bèèrè owó ìtánràn fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ ìhín dáhùn pé àṣẹ àti ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní lórí ilẹ̀ náà, pé kò ní in tán. Kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní oṣù keje 1921, Ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ti àwọn ará ìlú ni ilẹ̀ náà pátápátá, àti pé gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ gan-an ni kí a san owó fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe àdá ni Olúwa fi borí ìjọba, òfin ni. Àwọn ará ìhín sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ṣáájú àkókò yẹn, nítorí pé láti 1879 ni Christopher Sapara Williams, tí í ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti di amòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó dé ipò náà.

Òfin tí a ń lò lónìí yàtọ̀ sí ti ayé Olúwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì dáàbò bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rọrùn láti yí i padà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó sọ pé òun ra ilẹ̀ lónìí, ẹ̀tọ́ láti lò ó ni ó rà. Abala 22 òfin náà sì pa á láṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ta ẹ̀tọ́ yìí, tàbí kí a fi í dógò, tàbí kí a gbé e fún ẹlòmíràn, láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Abala 26 fi kún un pé ohunkóhun tí a bá ṣe ní ìlòdì sí òfin náà, asán ni.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni èyí, títí di 1989, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dá ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Oníilé ni ó fi ilé rẹ̀ dógò fún báǹkì láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Nígbà tí báǹkì fẹ́ ta ilé náà, ó sọ fún kóòtù pé ìwé ìdógò yẹn kò níláárí. Ilé-ẹjọ́ sì gbè é. Bí báǹkì tí ó lówó, tí ó sì ní amòfin, bá lè kọsẹ̀ báyìí, kí ni kí a sọ nípa àgbẹ̀ tàbí olùkọ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni òfin 1978 kò pa àṣà ìdílé rẹ́. Bí ẹnì kan nínú ẹbí, tí kì í ṣe olórí ẹbí, bá dá ta ilẹ̀ ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsọ fún àwọn àgbà ìdílé, àwọn àgbà náà lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ń pariwo jùlọ ní orí ilẹ̀ ni kí a máa sanwó fún. Ìwé-ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní C of O pàápàá kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, nítorí àwọn ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀ náà ṣáájú, ìwé-ẹ̀rí náà lè wó.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ amòfin ti bẹ̀rẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí í ná an. Òun ni yóò wo ìwé ilẹ̀ náà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń tọ́jú rẹ̀, ìbáà ṣe ní Aláúsà, ní Abẹ́òkúta, tàbí ní Ìbàdàn. Òun ni yóò mú kí a yẹ púláànù àwọn awọnlẹ̀ wò, kí a lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, tàbí bóyá ó ti yọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé tí ó sì kéde rẹ̀ nínú gásẹ́ẹ̀tì. Òun ni yóò bèèrè bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ ní kóòtù. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ ìwé títà, tí a ó lu òǹtẹ̀ ìjọba, tí a ó gba ìyọ̀ǹda gómìnà, tí a ó sì fi orúkọ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi dára kí amòfin náà jẹ́ ẹni tí ó mọ àdúgbò ibi tí ilẹ̀ wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlànà tirẹ̀. Ní Abuja, kò sí gómìnà rárá. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ilẹ̀, Mínísítà ni ó sì ń bójú tó o. Ní Èkó, òfin 2016 tí Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀, tàbí láti fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́lé. Ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ń fi owó ránṣẹ́ sílé, kò lè mọ gbogbo èyí láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa gbé ọ̀ràn náà lé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́wọ́. Ìfẹ́ dára láàárín ẹbí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò mọ púláànù kà.

Ẹ ṣọ́ra fún àṣà kan pẹ̀lú. Ẹni tí ń ta ilẹ̀ a máa mú amòfin tirẹ̀ wá, a sì ní kí ẹni tí ń rà á san owó agírímẹ́ǹtì. Amòfin tí ẹni tí ń tà bá mú wá, iṣẹ́ ẹni tí ń tà ni ó ń ṣe. Kí ẹni tí ń rà ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin àwọn amòfin ti 1975 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe amòfin máa gba owó láti kọ ìwé ilẹ̀. Akọ̀wé àdúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ dára nínú lẹ́tà kì í ṣe amòfin.

Ọ̀rọ̀ òwò kò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wí pé olùkọ́ mẹ́ta da owó pọ̀ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wọ́n ra ilẹ̀ ní orúkọ ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn, nítorí ọ̀wọ̀. Bí ẹni náà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò jókòó lé ilẹ̀ náà, àwọn méjì yòókù yóò sì máa wá ẹlẹ́rìí kiri. Orúkọ òwò lásán tí a fi sílẹ̀ kò sì lè dá ní ilẹ̀, nítorí òfin kò kà á sí ènìyàn. Kọ́ńpìnnì ni òfin kà sí ènìyàn, tí ó lè ní ilẹ̀, tí kì í sì í bá ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kú. Láti ìgbà tí òfin kọ́ńpìnnì ti 2020 ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Ìmọ̀ràn amòfin fún wákàtí kan lè gba irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ là.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: pé owó amòfin pọ̀, pé àwọn mìíràn nínú wọn kì í ṣe olóòótọ́. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ilé ni kí a wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ gbogbo amòfin wà nínú ìwé tí a ń tọ́jú ní ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ. Ìwé tí ó bá ṣe sì gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn amòfin. Kí a bèèrè iye owó iṣẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì gbà á ní àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò janpata láti san owó bíríkìlà kò yẹ kí ó máa fi owó ẹni tí yóò yẹ ìpìlẹ̀ wò ṣe ahun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe ti ará ìlú nìkan. Bí gbígba ìyọ̀ǹda gómìnà bá gbówó lórí, tí ó sì ń falẹ̀, àwọn tálákà yóò máa sá fún un, ilẹ̀ wọn kì yóò sì lè di ohun tí báǹkì lè yá wọn lówó lé lórí. Òfin tí ó ní òun ń tọ́jú ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àwọn olówó nìkan. Ó tọ́ kí àwọn gómìnà mú ilé-iṣẹ́ ìwé ilẹ̀ sún mọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì dín owó náà kù fún ẹni tí ń kọ́ ilé àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé jù ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé wa. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Olúwa, kí ẹ sì kọ́ àwọn òbí wọn pé kí wọ́n má fi ìka tẹ ìwé tí amòfin wọn kò tí ì kà fún wọn. Àjèjì ni ó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa ní 1913, wọ́n sì fi òfin gba ẹ̀tọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí àwa fúnra wa bá fi àìmọ̀ sọ ọ́ nù.