Hakeem Ọlájuwọ́n: Iṣẹ́ ńlá tí ọmọ Èkó ṣe ní Houston, àti ìbéèrè tó kù fún Nàìjíríà

Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, àjọ NBA, tó ń ṣètò ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì tó lókìkí jùlọ lágbàáyé, fi orúkọ Hakeem Ọlájuwọ́n sọ ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó mọ ilé ṣọ́ jùlọ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ẹni yòówù tó bá gba ife ọ̀hún, ìbáà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Faransé, orúkọ ọmọ Èkó ló ń gbé relé.

Ìwúrí ńlá ni. Àmọ́ tí ariwo ayọ̀ bá ti rọlẹ̀ tán, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa. Ta ló kọ́ Hakeem? Kí ni Èkó fún un, kí sì ni Houston fún un? Ṣé ọmọ ọdún 15 kan tó ga fíofío ládùúgbò wa lónìí máa rí ohun tí kò sí nígbà náà lọ́hùn-ún?

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kìíní ọdún 1963 ni wọ́n bí i nílùú Èkó. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College, kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì ló gbé sórí. Gólì ló máa ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, ó sì tún ń gbá handball. Ó ti lé lọ́mọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí gbogbo ayé padà wá fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn lè rò pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ ló pẹ́, ṣùgbọ́n àsìkò yẹn kò ṣòfò. Ẹni tó bá ti ṣọ́ gólì rí mọ bí wọ́n ṣe ń fojú wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá handball mọ bí wọ́n ṣe ń tan alátakò jẹ: kó fi èjìká júwe apá ọ̀tún, kó fẹsẹ̀ yí sósì, kó sì ju bọ́ọ̀lù wọlé. Ọgbọ́n yìí gan-an ló padà di ohun tí wọ́n ń pè ní Dream Shake, ìyẹn ọ̀nà tí Hakeem ń gbà yí ara tí àwọn òmìrán tó ń ṣọ́ ọ fi máa ń fò sókè lásán. Nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn bíi Kobe Bryant, LeBron James àti Dwight Howard ló wá a lọ sí Houston kó lè kọ́ wọn.

Torí náà, Èkó fún un lẹ́sẹ̀ àti ojú. Ohun tí Èkó kò rí fún un nígbà náà ni ibi tí wọ́n á ti pọ́n irin náà títí tá á fi mú.

Lọ́dún 1980 ló gbéra lọ sí Yunifásítì Houston. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis kò tiẹ̀ jẹ́ kó gbá ìdíje kankan lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ní kó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Nígbà ọlidé, ó máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níbi ìṣeré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde. Moses Malone, ọ̀kan lára àwọn tó dára jùlọ ní NBA nígbà náà, ló ń kojú níbẹ̀, tíyẹn ń tì í gbọ̀ngbọ̀n tó sì ń kọ́ ọ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń bá ọ̀gá pátápátá gbá bọ́ọ̀lù láìsan kọ́bọ̀.

Ìkọ́ṣẹ́ yìí so èso. Ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, 1982, 1983 àti 1984, ni Houston fi wà lára ikọ̀ mẹ́rin tó kù kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọ́n dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Síbẹ̀, Hakeem ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó pegedé jùlọ lọ́dún 1983, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ kọ́ ló gba ife. Lọ́dún 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ wọ NBA. Houston Rockets ló mú un. Ẹni kẹta ni Michael Jordan.

Ohun tí nọ́ńbà sọ

Sáà 18 ló fi gbá bọ́ọ̀lù ní NBA, Houston ló ti lo 17 nínú ẹ̀, ó sì lo èyí tó kẹ́yìn ní Toronto kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2002. Àmì 26,946 ló jù wọlé. Bọ́ọ̀lù 13,748 ló já gbà nígbà tí wọ́n jù ú tì. Bọ́ọ̀lù 3,830 ló gbá dànù kó tó dé àwọ̀n, kò sì sí ẹlòmíì tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ NBA.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká sọ: sáà 1973 sí 1974 ni NBA bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ò mọ iye tí àwọn àgbà bíi Bill Russell gbá dànù láyé tiwọn. Àmọ́ nọ́ńbà mìíràn wà tí kò ṣeé jiyàn sí. Ní sáà 1988 sí 1989, Hakeem gbá bọ́ọ̀lù 282 dànù, ó sì já 213 gbà lọ́wọ́ alátakò. Kò sí ẹlòmíì tó tíì ṣe ju 200 nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ní sáà kan. Àwọn tó ga máa ń dènà, àwọn tó kúrú máa ń já bọ́ọ̀lù gbà. Èyí ga, ó sì tún yára.

Sáà 1993 sí 1994 ló wá ṣe àṣepé. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jùlọ, wọ́n fún un ní ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jùlọ, ó gba ife pẹ̀lú Rockets lẹ́yìn tí wọ́n na New York Knicks ní ìdíje 4 sí 3, wọ́n sì tún fún un ní ti ẹni tó dára jùlọ ní àṣekágbá. Òun nìkan ni ẹni tó tíì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan ṣoṣo.

Ṣé torí pé Jordan kò sí ni?

Àwọn kan máa ń sọ pé torí Michael Jordan fìdí kalẹ̀ lọ́dún náà ni Hakeem ṣe rí ife gbà. Ọ̀rọ̀ ọdún 1995 ló fèsì. Ipò kẹfà ni Rockets wà lápá Ìwọ̀-Oòrùn kí ìdíje ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ikọ̀ tó wà nípò tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó tíì gba ife náà rí. Wọ́n na Utah, wọ́n na Phoenix lẹ́yìn tí ìyẹn ti fi 3 sí 1 ṣáájú wọn, wọ́n na San Antonio tí David Robinson wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jùlọ lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na Orlando Magic ti Shaquille O'Neal ní 4 sí òdo.

Jordan ti padà dé lóṣù Kẹta ọdún yẹn. Orlando tí Houston nà bí ẹni na bàrà yìí náà ló lé Chicago Bulls ti Jordan kúrò nínú ìdíje.

Kò tán síbẹ̀. Ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí oṣù Kejì ọdún 1995. Hakeem ń gbààwẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jùlọ lóṣù náà.

Aṣọ Amẹ́ríkà tó wọ̀

Ohun tó máa ń dun àwọn kan ni pé Amẹ́ríkà ló gba àmì ẹ̀yẹ wúrà Olympics fún ní Atlanta lọ́dún 1996. Ó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà lọ́dún 1993. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà rí, torí náà àjọ FIBA ní láti fún un láyè pàtàkì kó tó lè wọ aṣọ Amẹ́ríkà.

Ká tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí. Títí di ọdún 1989, òfin kò gba àwọn agbábọ́ọ̀lù NBA láyè láti kópa ní Olympics. Ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin Nàìjíríà náà kò sì dé Olympics rí títí di ọdún 2012, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Hakeem ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ tí kò gbéra, a ò lè ní èrò kan kọ̀ láti wọ̀ ọ́.

Ìtàn náà ṣì ń bá a lọ

Giannis Antetokounmpo ni ẹ̀rí tó tẹ̀ lé e. Athens ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1994. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Igbo ni ìyá rẹ̀. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé wọn, ìkọ̀wé àwọn ará Gíríìsì ló sọ ọ́ di bó ṣe rí yẹn. Lọ́dún 2020, ó di ẹni kẹta, lẹ́yìn Jordan àti Hakeem, tó máa gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó pegedé jùlọ àti ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jùlọ ní sáà kan náà. Lọ́dún 2021, ó ju àmì 50 wọlé lọ́jọ́ tí Milwaukee gba ife. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ń bẹ lára méjì. Àmọ́ Gíríìsì ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún.

Àwọn obìnrin wa náà ti gbìyànjú. Ní Paris lọ́dún 2024, D'Tigress di ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó máa wọ ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kù ní Olympics. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n na Mali ní 78 sí 64 ní Abidjan, wọ́n sì gba ife Áfíríkà ní ìgbà karùn-ún léraléra. Ààrẹ Bola Tinubu kéde owó tó tó 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yìí kan náà ni ìjà àwọn aláṣẹ fà sẹ́yìn lọ́dún 2022. Nítorí rògbòdìyàn inú àjọ tó ń mójútó básíkẹ́ẹ̀tì, ìjọba àpapọ̀ kéde lóṣù Karùn-ún pé Nàìjíríà kò ní kópa nínú ìdíje òkèèrè fún ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n máa fi yí ọ̀rọ̀ padà lóṣù Kẹfà, FIBA ti mú Mali rọ́pò wọn fún ìdíje Ife Àgbáyé. Ààyè tí wọ́n fi òógùn wọn gbà bọ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Níbo ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn yẹ kó wà?

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé D'Tigress kò yẹ fún ẹ̀bùn tí wọ́n rí gbà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ìjọba so mọ́ wọn nídìí dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ ti dàgbà tán ni wọ́n so ó.

Ohun tí Hakeem rí ní Houston kò le tó bẹ́ẹ̀: pápá tó ní òrùlé, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní sùúrù, ìdíje lọ́dọọdún, àti àgbà kan tó gbà láti bá ọmọdé ṣeré. Ìjọba ìbílẹ̀ lè kọ́ pápá kan. Ilé ẹ̀kọ́ lè dá ìdíje sílẹ̀. Àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí wà ládùúgbò, owó díẹ̀ ni wọ́n nílò kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án Sátidé.

Tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá wà, ọmọ tó bá fẹ́ lọ Amẹ́ríkà ṣì máa lọ, kò burú. Àmọ́ yóò ti mọṣẹ́ kó tó lọ, àwọn tí kò rí físà gbà náà yóò sì níbi tí wọ́n á ti gbá a. Àwọn yẹn ló pọ̀ jù. Hakeem kan ló bọ́ síbi tó dára. Kò sẹ́ni tó ka iye àwọn tó kù sílé.