Níti Àwòrán Aṣálẹ̀ ní Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Bí a bá ń ka ìtàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fún àwọn ọmọ kékeré ní Egbe, tí a sì dárúkọ aginjù, kí ni wọ́n ń rí ní ọkàn wọn? Igbó kìjikìji ni, tí ìtàkùn lọ́ mọ́ igi, tí ẹranko búburú sì ń ké nínú rẹ̀. Nítorí ohun tí àwọn baba wa ń pè ní aginjù nìyẹn kí a tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Èmi kò dá àwọn atúmọ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò bá fi àwòrán kún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí ni èmi kò fi bá àwọn tí ń fẹ́ kí a kó gbogbo àwòrán àtijọ́ tí Òyìnbó yà níti ilẹ̀ Lárúbáwá dànù pa ohùn pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan. Ní 1867 ni Gustave Guillaumet, ará ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀dà olóróró ya èyí tí à ń pè ní Le Sahara, tí ó wà ní Musée d'Orsay ní Paris. Ó gùn tó mítà méjì. Egungun ràkúnmí kan ni ó wà níwájú. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ salalu títí ó fi pàdé ojú ọ̀run. Guillaumet kò jókòó sí ilé rẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀. Láti 1862 ni ó ti ń lọ sí Algeria, ilẹ̀ tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fi ogun gbà ní 1830. Ọmọ tí ó bá wo àwòrán yìí kò ní bi wá léèrè mọ́ bóyá ọ̀bọ wà ní aginjù Sínáì.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Lókèèrè réré, níbi tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dé, àwọn èrò kan wà pẹ̀lú ràkúnmí wọn, wọ́n kéré bí èèrà. Egungun ni ó tóbi. Ènìyàn ni ó kéré. Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ rò.

Aṣálẹ̀ yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò àríwá wa ń là kọjá láti ayébáyé. Ní 1850, Heinrich Barth, ará Jámánì, kúrò ní Tripoli, ó gba Murzuk àti Agades, ó sì wọ Kano ní oṣù kejì 1851. Ó ṣírò àwọn ará Kano sí 30,000, ó sì ní wọ́n a máa di ìlọ́po méjì nígbà tí òwò bá gbóná. Aṣọ aláró Kano ń dé Tripoli àti Timbuktu. Awọ ewúrẹ́ tí àwọn Òyìnbó fi ń di ìwé, tí wọ́n ń pè ní awọ Morocco, ilẹ̀ Hausa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Iyọ̀ Bilma sì ń ti inú aṣálẹ̀ gan-an bọ̀ wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú pẹ̀lú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwa ọmọ Egbe àti Kabba kò gbọdọ̀ yára kọjá lórí èyí. Kí Royal Niger Company tó ṣẹ́gun Bida ní 1897, àwọn Tápà a máa fi ogun kó ènìyàn lọ́dọ̀ wa, wọn a sì tún máa gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀; wọ́n ta àwọn mìíràn nínú wọn sí ọjà òkè ọ̀hún. Ayàwòrán tí ó fara balẹ̀ ya egungun ìhà ràkúnmí lọ́kọ̀ọ̀kan kò ya ojú ẹnìkan nínú àwọn tí ń rìn.

Kí olùkọ́ gbé àwòrán náà kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wí pé, “Ẹ wò ó, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.” Kí ó bi wọ́n pé: àwọn tí ó wà lókèèrè yẹn, níbo ni wọn yóò ti rí omi mu? Ta ni ó gbẹ́ kànga náà? Kí ni wọ́n dì sẹ́yìn ràkúnmí? Ta ni ó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ni ó sì fà á? Mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa yóò wí pé àkókò kò tó, àti pé wọn kò ní béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ọyẹ́ bá sì dé, kí ó ní kí àwọn ọmọ fi ìka kọ orúkọ wọn sínú eruku tí ó bà lé tábìlì. Láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, láàárín òkè Tibesti àti Ennedi, ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ wá: aṣálẹ̀ kan náà ni.