Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ní Àbíjàn, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ kò ní í pẹ́ rí ẹni tí yóò sọ ohun tó ń ṣe é fún un. Àwọn ọmọ onílẹ̀ á ní kôkô ni, orúkọ tí wọ́n ń pe jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn Yorùbá Treichville, Adjamé àti Koumassi, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó dín ṣúgà kù, kó wá àgbo mu. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló gbà pé àrùn arúgbó ni jẹjẹrẹ ìfun. Èrò yìí ni mo fẹ́ tako. Ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a ó fi dá ẹnikẹ́ni tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ padà sílé láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àkọsílẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà lórí jẹjẹrẹ ìfun lára ọ̀dọ́. Lọ́dún 1995, nínú 100 ẹni tí wọ́n bá àrùn náà lára wọn níbẹ̀, 11 péré ni kò tíì pé ọdún 55. Nígbà tó fi máa di 2019, wọ́n ti di 20. Àwọn tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1990 ní ìlọ́po méjì ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí àwọn tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1950 ní nígbà tí àwọn náà wà lọ́jọ́ orí wọn. Ní ìsàlẹ̀ ìfun, nítòsí ihò ìdí, ìlọ́po mẹ́rin ni. Chadwick Boseman, òṣèré tó ṣe olórí nínú fíìmù Black Panther, mọ̀ pé òun ní in lọ́dún 2016, nígbà tó ti dé ìpele kẹta. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ló kú, lẹ́ni ọdún 43. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ̀ sọ pé kí àyẹ̀wò máa bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 45, kì í ṣe 50 mọ́. Ohun tó ń mú kí àrùn náà máa pọ̀ lára ọ̀dọ́ kò tíì yé àwọn onímọ̀ tán. Sísanra jù, ìjókòó pípẹ́ àti ohun mímu aládùn wà lára ohun tí wọ́n ń fura sí, pẹ̀lú oró kan tí kòkòrò inú ìfun ń tú jáde, tí ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2025 fi hàn pé àpá rẹ̀ pọ̀ lára jẹjẹrẹ àwọn tí kò tíì pé 40 ju ti àwọn tó ti lé ní 70 lọ.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ìtàn Amẹ́ríkà wọ Àbíjàn lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2021 sọ pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 29 ló wà ní Côte d'Ivoire, nínú 100 wọn, nǹkan bí 75 kò tíì pé ọdún 35. Nítorí náà, bí àwọn dókítà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bá ń sọ pé àwọn aláìsàn tí àwọn ń rí kéré lọ́jọ́ orí ju ti Yúróòpù lọ, ìdí pàtàkì kan ni pé ọ̀dọ́ ló kún ìlú. Bí a bá mú wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ewu àgbà ṣì ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ já mi níyàn yóò di ibẹ̀ yẹn mú: owó kò tó, ẹ̀rọ kò tó, kí ló dé tí a ó máa fi wọ́n du àgbà nítorí ọ̀dọ́? Èsì mi ni pé nǹkan méjì ni a ń dà pọ̀. Pípe ẹni tí ohunkóhun kò ṣe wá fún àyẹ̀wò, ó tọ́ kí a fi ọjọ́ orí yan àwọn tí a ó pè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ kò sí nínú ìyẹn mọ́. Ara rẹ̀ ti pè é.

Àwọn mìíràn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni ẹ̀jẹ̀ ìdí sábà máa ń jẹ́. Òótọ́ ni, mi ò sì ní í jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ènìyàn lè ní jẹ̀díjẹ̀dí kó tún ní jẹjẹrẹ, àgbo kò sì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìka dókítà nínú ìbọ̀wọ́ lè yà á nígbà mìíràn. Lára ọ̀dọ́, ìsàlẹ̀ ìfun àti apá òsì ni àrùn yìí sábà máa ń wà, ọ̀pọ̀ èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ìka sì lè kàn. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìtìjú ló sọ ọ́ di òkè. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, yẹ ìwé àwọn aláìsàn tó lé ní 5,000 wò, tí àrùn náà mú kí wọ́n tó pé 50. Inú rírun, ẹ̀jẹ̀ ìdí, ìgbẹ́ gbuuru àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára apá kan wọn láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Àkókò yẹn gan-an ni à ń fi mu àgbo.

Àgbà náà kò bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Lára wọn, apá ọ̀tún ìfun ni àrùn náà máa ń wà ju ti ọ̀dọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ kì í sì í sábà hàn sí ojú. Ó kàn ń rẹ ìyá àgbà ni, ojú rẹ̀ ń funfun, a ó sì sọ pé ogbó ni. Yàtọ̀ sí ti ọjọ́ orí, ẹ̀rí kan wà nítòsí wa pé kò yẹ ká máa fi òye tí a yá láti òkèèrè méfò. Ẹgbẹ́ ARGO, tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ní Áfíríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Alatise ti Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn olórí rẹ̀, gbé iṣẹ́ jáde lọ́dún 2021 pẹ̀lú ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York. Wọ́n rí i pé irú jẹjẹrẹ ìfun kan, tí a máa ń bá nígbà mìíràn nínú ìdílé tí àrùn náà ti ń jà, pọ̀ lára àwọn aláìsàn Nàìjíríà ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ó yẹ kí dókítà máa bi aláìsàn léèrè ẹni tó ti kú nínú ẹbí rẹ̀ àti ohun tó pa á.

Ní ti ìtọ́jú, kò sí èyí tí wọ́n ń fi ìtànṣán ṣe fún jẹjẹrẹ ní Côte d'Ivoire tẹ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2018, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ orúkọ Alassane Ouattara ti wà ní Cocody, ní Àbíjàn. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní CMU náà wà, tí owó rẹ̀ jẹ́ 1,000 sẹ́fà lóṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ètò náà ni pé kí wọ́n máa sanwó àyẹ̀wò ìfun fún ẹnikẹ́ni tó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ọmọ ọdún 25 ni tàbí 70. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò ni pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nípàdé, lédè tiwa, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń ta àgbo láàárín wa sọ ọ́: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dá lọ́sẹ̀ méjì, tàbí tó dá tó tún padà wá, kí wọ́n má tà fún un mọ́, kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà.