Ọmọ Ògún àti Ìbọn Abẹ́ Aṣọ

Kí Ògún má jẹ́ kí irin tí a fi ń jẹun di irin tí yóò jẹ wá.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ń bi ara wọn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí ọ̀pọ̀ kò sì fẹ́ sọ sókè: irú ìbọn ìléwọ́ kékeré wo ni ó yẹ kí ènìyàn rà, tí yóò ṣeé gbé sábẹ́ aṣọ, tí kò sì ní dójú ti ẹni tí ó ni ín lọ́jọ́ tí ewu bá dé? Ìbéèrè náà kò ṣàdédé wáyé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fi dandan lé e pé kí ará ìlú tí ó ń pa òfin mọ́ kọ́kọ́ sọ ìdí pàtàkì kan kí ó tó gba ìwé àṣẹ láti gbé ìbọn jáde nílé. Ní ọdún kan náà, Georgia gbà kí ẹni tí òfin kò dí lọ́wọ́ máa gbé ìbọn sára láìgba ìwé àṣẹ rárá. Florida ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. South Carolina, níbi tí abúlé Ọ̀yọ́túnjí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 wà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Ìdáhùn méjì ni mo ń gbọ́ jù. Àwọn kan ní kí a ra èyí tí ó kéré jù lọ, nítorí ohun tí a ó fi pamọ́ ni. Àwọn mìíràn ní kí a ra èyí tí ó bá wù wá, kí a gbé e dé ojúbọ Ògún, kí a fún un ní epo àti ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ìbọn tí Ògún bá ti fọwọ́ sí kò ní kọ̀. Èrò tèmi ni pé ìdáhùn méjèèjì kò tọ̀nà, àti pé ìkejì léwu ju ìkíní lọ, nítorí ó ń fi orúkọ òrìṣà bo àìmúra mọ́lẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n fi ààlà sí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ. Ọ̀tọ̀ ni ìsọ̀rí tí ó fi ṣakabùlà àwọn ọdẹ sí. Ní Bìrìtéènì, ọdún 1997 ni wọ́n gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú, lẹ́yìn ìpakúpa tí ó ṣẹlẹ̀ ní Dunblane ní 1996. Ẹni tí ó bá ń ti Atlanta bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, kí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé, nínú àpótí tí a tì pa. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì: New York ń béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 16 nínú kíláàsì àti wákàtí 2 lórí pápá ìyìnbọn kí ó tó fúnni níwèé.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi àwọn ọdẹ léèrè, nítorí àwọn ni ó ti bá ìbọn gbé pẹ́ jù láàrín wa. Ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà kì í yin ìbọn rẹ̀ nítorí pé ìdí rẹ̀ ń dán tàbí nítorí pé ó fúyẹ́ léjìká. Ohun kan ni ó ń béèrè: bí mo bá fà á, ṣé yóò dún? Ó mọ̀ pé ẹ̀tù tí òjò pa kò gbọ́ ọfọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tọ́jú ẹ̀tù rẹ̀ síbi gbígbẹ, tí ó ń nu ẹnu ìbọn, tí ó sì ń yìn ín wò kí ó tó wọ igbó. Oògùn wà lára gbérí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àgbà ọdẹ tí yóò torí oògùn gbé ìbọn tí kò fọkàn tán wọ igbó lóru. Òṣùwọ̀n ọdẹ yìí ni kí a fi wọn ìbọn ìléwọ́.

Oríṣi méjì pàtàkì ni ó wà lọ́jà. Èkíní ni revolver, tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bírí. Smith & Wesson Model 36, tí ó jáde ní 1950, jẹ́ àgbà láàrín àwọn kéékèèké rẹ̀; ọta márùn-ún ni ó ń gbà. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, ẹni tí ó dì í mú yóò kàn tún apátí fà, òmíràn yóò sì yí bọ́ sí ipò rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé apátí rẹ̀ le láti fà, èyí sì máa ń mú kí ọwọ́ yẹ̀ kúrò lójú àmì. Ọta rẹ̀ kò pọ̀, kíkó òmíràn sí i kò sì yá.

Èkejì ni èyí tí ilé ọta rẹ̀ wà nínú ìdí ìbọn, tí agbára ọta tí a yìn ń ti èèpo ọta náà jáde, tí ó sì ń gbé òmíràn wọlé. Ruger LCP, tí ó jáde ní 2008, kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọnù nínú àtẹ́lẹwọ́, ọta.380 ni ó ń lò. Glock 43, tí ó jáde ní 2015, àti SIG Sauer P365, tí ó jáde ní 2018, tóbi jù ú lọ díẹ̀, ọta 9mm tí ó lágbára jù ú lọ ni wọ́n sì ń lò. Ilé ọta Glock 43 ń gba mẹ́fà. Ti P365 ń gba mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ara àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Níhìn-ín ni àwọn tí ó ń wá èyí tí ó kéré jù ti ń ṣìnà. Bí ìbọn bá ti kéré tó ni ó ṣe ń ṣòro láti yìn tó. Irin tí ó fúyẹ́ kò lè gba ìgbọ̀nrìrì ọta mọ́ra, ọwọ́ ẹni ni yóò gbà á. Ìdí rẹ̀ kò gùn, ìka kékeré kò rí ibi dìmú. Ohun tí a fi ń wo àmì lórí rẹ̀ súnmọ́ ara wọn, àṣìṣe díẹ̀ ní ojú a sì di àṣìṣe ńlá ní iwájú. Bí ọrùn ọwọ́ kò bá le dáadáa, irin orí rẹ̀ kò ní padà sẹ́yìn tó, èèpo ọta yóò sì há sí ẹnu ọ̀nà. Mo sọ ọ́ láti inú ìrírí: èyí tí ó kéré jù lọ ni mo kọ́kọ́ rà, ó sì há mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọta kẹta lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé pápá. Ìbọn náà kò ní àbùkù. Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, fún ẹni tuntun, ìmọ̀ràn mi ni kí ó kọ́kọ́ yá oríṣiríṣi yìn ní pápá, kí ó sì mú èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí aṣọ rẹ̀ lè bò. Ẹni tí agbára ọwọ́ rẹ̀ kò lè fa irin orí ìbọn sẹ́yìn, kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ revolver tí a fi irin gidi ṣe, kí ó má ṣe wá èyí tí ó fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Lẹ́yìn rírà ni ìdánwò. Èmi kò ní gbé ìbọn sára kí n tó fi igba ọta yìn ín láìsí pé ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n sì tún fi àádọ́ta yìn ín nínú irú ọta gan-an tí mo fẹ́ máa gbé, nítorí ìbọn lè fẹ́ràn ọta kan kí ó kọ òmíràn. Bí ó bá kọ̀, kí a wá ìdí rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ìkà náà láti orí ení. Òógùn ara ń mú kí irin dógùn-ún, èérí àpò sì ń dí ihò; kí a máa tú u palẹ̀ nù nígbà gbogbo.

Àkọ̀ ṣe pàtàkì bí ìbọn fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le, ó gbọ́dọ̀ bo apátí pátápátá, ohunkóhun mìíràn kò sì gbọdọ̀ sí nínú àpò tí ìbọn bá wà. Àwa tí a ń wọ aṣọ ìbílẹ̀, kí a rántí pé okùn ṣòkòtò kò lè gbé irin dúró. Ìgbànú tí ó le ni ó lè ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tàbí kí ó foríbalẹ̀ níwájú òrìṣà, kí ó ti bọ́ ti ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní ti agbo ìlù, èmi kò mọ àwáwí kankan: ẹni tí òrìṣà lè gùn kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ ibẹ̀. Nígbà tí ara bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ta ni ó kù tí yóò máa ṣọ́ apátí?

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ epo àti ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Awakọ̀ ń ta ẹ̀jẹ̀ sára ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Ògún, alágbẹ̀dẹ ń bọ owú rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í da epo pupa sínú ẹ́ńjìnnì. Inú ìbọn ìléwọ́ ni abẹ́rẹ́ wà tí ń lu ìdí ọta, inú ihò tóóró ni ó sì ń rìn. Epo pupa ń dì nígbà òtútù Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ mọ́ irin tí ó sì ń jẹ ẹ́, epo tí ó bá wọ ìdí ọta sì lè pa iná tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bọ ìbọn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di èyí tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kò lè kọ̀. Irin Ògún wà lójúbọ. Ibẹ̀ ni kí a gbé ẹbọ fún un. Ìbọn ní oúnjẹ tirẹ̀, epo ẹ̀rọ ni, kò sì pọ̀.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé Ògún kò ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni? Ó ní, ìpín rẹ̀ sì ni ó wúwo jù. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ìrè. Ògún ti ogun dé, ó bá àwọn ènìyàn níbi àpéjọ tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, agbè ṣófo. Ó rò pé wọ́n fojú di òun, ó sì yọ idà. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni òun pa, ó bá wọlẹ̀. Àwọn ará wa Lukumí ní Kúbà ń sọ ti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì pẹ̀lú: ẹyẹ tí ó mú sọnù nílé, ó fi ìbínú ta ọfà pé kí ó gún ọkàn ẹni tí ó jí i. Ìyá rẹ̀ ni ó mú ẹyẹ náà. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìtàn méjèèjì, ohun ìjà kò kọ̀. Idà Ògún ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá, ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kò tàsé. Ẹni tí ó dì wọ́n mú ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, kí a tó bi ọjà léèrè pé ìbọn wo ni kò ní kọ̀, kí a bi ara wa. Ẹni tí inú ń tètè bí, ẹni tí kò lè lọ sí àpèjẹ láìmutí, kí ó má gbé ìbọn. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá bò mọ́lẹ̀, kí ó gbé tirẹ̀ fún ẹni tí ó fọkàn tán, gẹ́gẹ́ bí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ti gbà, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn baba wa ní, ìbọ́n ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Gbogbo òfin ààbò pápá ìyìnbọn wà nínú òwe yẹn. Àwọn baba kan náà ni ó ní, ọmọdé kò mọ ogun, ó ní bí ogun bá dé òun yóò kó sí yàrá ìyá òun. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín sá wọ yàrá ìyá rẹ̀ kí ó bá ogun níbẹ̀, lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ tì í pa.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé orí ẹni ni aláàbò, pé oníṣẹ̀ṣe kò nílò irin ní ìbàdí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ni ó pọ̀ jù tí ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ní àdúgbò tí wọ́n ti ja obìnrin méjì lólè kò ṣẹ̀ bí ó bá yàn láti gbé e, orí rẹ̀ náà ni ó fún un ní ọgbọ́n. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀, tí etí rẹ̀ ti gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà àìmọye, kí ó sì fi ìwà rẹ̀ ṣe àkọ̀ fún un.

Ògún kò ní bínú sí ẹni tí kò ta epo sí ìbọn. Ẹni tí ó yọ ọ́ níbi tí kò yẹ ni yóò jíhìn fún un.

Kí Ògún gbè wá. Kí a má fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àṣẹ.